Àṣejù Omi Ní Í Pa Ọ́kíìdì

Àwọn baba wa, tí wọ́n fi oko àti igbó ṣe ilé ẹ̀kọ́, ni wọ́n wo ọ̀rọ̀ sàkùn tí wọ́n fi sọ pé àfòmọ́ kò lẹ́gbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹni tó bá ti rí àfòmọ́ lórí igi obì tàbí igi kòkó rẹ̀ rí kò ní í jiyàn, nítorí yóò ti mọ̀ pé bí ó ti ń pe ara rẹ̀ ní ìbátan igi náà ni ó ń fa omi ara rẹ̀ mu, títí ẹ̀ka tó gbà á lálejò yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n lókè igi kan náà, níbi tí ojú àgbẹ̀ kì í sábà dé, àlejò mìíràn wà tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é, púpọ̀ nínú wa ló sì ti gé e dànù mọ́ ẹ̀ka igi láìbèèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, ó sì fi ń di èèpo igi mú bí ọmọ ti í dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fa oje igi náà mu: omi òjò tó ń ṣàn kọjá, ìrì òwúrọ̀, àti ewé jíjẹrà tó bá há sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ka, ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń hù ní Nàìjíríà àti níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, ní òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ní àmì tó-tò-tó bí awọ ògìdán, olóòlà ijù.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo lọ bá ọmọ mi obìnrin gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ra ọ̀kan fún mi, irú èyí tí òdòdó rẹ̀ dàbí labalábá funfun tó tò sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, kí n lè máa rí nǹkan tọ́jú. Àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ omi. Nítorí náà, láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, mo ti bu omi sí i, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, màá tún bu òmíràn lé e. Kò pé oṣù méjì tí ewé ìsàlẹ̀ fi pọ́n, tí àwọn ìrudi ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé, nígbà tí mo sì fà á yọ nínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ gbàgbé. Ìfẹ́ ni mo fi pa á. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọmọ mi kò bá mi wí, ó ra òmíràn, ó gbìn ín sínú ìkòkò tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, ó ní, “Bàbá mi, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ kí ẹ tó bu omi.” Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí wá. Awọ kan tó fúyẹ́ bí kànìnkànìn ló bo gbòǹgbò náà: bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, a funfun bí eérú, bí ó bá sì ti mu yó, a tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́, èmi ni n kò wò ó. Ojú ni kó máa ṣíwájú ọwọ́.

Àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú àṣìṣe mi yìí rí, tiwọn sì ju tèmi lọ fíìfíì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, nígbà tí ọkọ̀ òkun ń kó ọ́kíìdì wá fún wọn láti ilẹ̀ olóoru, wọ́n gbà pé inú ooru àti ọ̀rinrin ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, wọ́n kọ́ ilé gíláàsì, wọ́n dáná èédú sí i, wọ́n ti gbogbo ihò afẹ́fẹ́ pa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀gbìn náà sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kò bèèrè pé láti ibo gan-an ni àlejò yìí ti wá, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọ́kíìdì náà ló jẹ́ ọmọ orí òkè gíga, níbi tí òtútù ń mú lóru tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Joseph Paxton, olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà fún Dúùkù Devonshire ní Chatsworth, wà lára àwọn tó yí ọ̀nà náà padà: ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ya èyí tó ń fẹ́ ooru sọ́tọ̀ fún èyí tó ń fẹ́ ìtura. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi òfin kan ṣoṣo tọ́ ọmọ mẹ́rin, tí ẹ sì ń ṣe kàyéfì pé èyí ń gbèrú, ìyẹn ń rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ ilé gíláàsì yìí wò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé kíkáwọ́ gbera ni mo ń wí: ìgbà mìíràn wà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Ọmọ ìdílé ọ́kíìdì ni fànílà tó ń ta sánsán nínú kéèkì àti áísìkiriìmù. Ìtàkùn ni, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló sì ti wá, níbi tí àwọn ẹ̀yà Totonac ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́. Àwọn Faransé gbé e lọ sí erékùṣù Réunion nínú Òkun Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1820. Ó hù, ó gun igi, ó tanná, kò so, nítorí pé àwọn kòkòrò tí í bá a gbé lẹ́búlẹ́bú akọ kan abo nílé kò bá a sọdá òkun. Charles Morren, onímọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, mú un so ní 1836, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ kò rọrùn fún àgbẹ̀ láti lò lóko. Ní 1841 ni ọmọ ẹrú kan ní Réunion, tó ń jẹ́ Edmond, ọmọ ọdún 12, tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, wo òdòdó náà láwòfín, ó rí i pé awọ tín-ín-rín kan ta bí aṣọ ìkélé láàárín akọ àti abo. Ó mú igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ó fi ká aṣọ ìkélé náà sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Ó parí. Nígbà tí Ferréol Bellier-Beaumont, tó ní i lẹ́rú, rí èso méjì lórí ìtàkùn tí kò so rí, tí ọmọ náà sì ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Òdòdó fànílà kì í ṣí ju òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ó ti ń rọ. Ẹni tó gbìn ín ní láti máa yẹ oko wò lójoojúmọ́ lásìkò òdòdó, a sì máa fi ọwọ́ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe ní Madagáskà títí dòní ní ọ̀nà Edmond. Èso náà yóò tún lo nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lórí ìtàkùn, bí a bá sì já a ní tútù, kò ní òórùn kankan. Ìgbà tí a bá rì í sínú omi gbígbóná, tí a dì í kó lè làágùn, tí a sì ń sá a fún oṣù mélòó kan, ni òórùn tí ayé ń sáré lé yóò tó jáde. Edmond gba òmìnira ní 1848, wọ́n fún un ní orúkọ Albius. Àwọn olóko di ọlọ́rọ̀ nípasẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀, òun sì kú nínú ìṣẹ́ ní 1880. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ó ń dùn mí dé ọkàn, ìdí nìyí tí mo fi ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi nígbàkigbà tí wọ́n bá ń lá áísìkiriìmù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọ́kíìdì nílé kò nílò ilé gíláàsì. Kó má ṣe rì í sínú ilẹ̀pa bí iṣu. Kó gbìn ín sínú èédú àti èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́, tàbí kó fi àkísà dì í mọ́ ara igi máńgòrò, ní ìhà tí oòrùn ọ̀sán kì í bá kan. Kó bomi rin ín láàárọ̀, kí omi náà ṣàn jáde tán. Bí òdòdó bá rẹ̀ dànù, kó má ṣe jù ú sórí ààtàn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, nítorí òkú kọ́ ni, ìsinmi ló wà.

Oṣù mẹ́jọ ni tèmi fi sinmi lójú fèrèsé láìṣe ju ewé kan lọ. Lẹ́yìn tí òtútù alẹ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan yọrí láàárín ewé méjì. Mo pè é ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó yíjú sókè, ó ń wá ìmọ́lẹ̀. Ìrudi méje ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àkọ́kọ́ sì ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, kí a tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ-ọmọ mi kékeré gbé omi wá nínú ife, ó dúró níwájú ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo gbòǹgbò náà títí. Ó ní, “Bàbá àgbà, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀.” Ó sì gbé omi inú ife náà mu.