Bí A Ṣe Lè Tún Ẹ̀rọ Ìṣirò Ẹgbẹ́ Ṣe Nílé

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó kú pátápátá kò lè ba ìwé owó jẹ́. Èyí tó ń kú, tó ń jí, ni ká bẹ̀rù. Bí bọ́tìnnì 5 bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, N15,500 ọmọ ẹgbẹ́ di N1,500 nìyẹn. Nígbà tí àwa tí à ń yẹ ìwé wò bá sì dé, ẹ̀rọ kì í jẹ́jọ́. Akọ̀wé ni à ń bi.

Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára irin tí bátìrì alkaline ń fara kàn, omi inú bátìrì ló jò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí ojú. Ẹ fi òwú tí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí nù ún. Kíkan ọsàn yóò pa agbára rẹ̀. Ẹ wá fi sípíríìtì nù ún, kí ó gbẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò nílò ju èyí lọ.

Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì ló ń ṣagídí, ẹ tú sukúrù ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ kó wọn sínú àwo. Ẹ ó rí rọ́bà kan tó ní àmì dúdú róbótó lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, àmì yìí ló ń so ọ̀nà iná pọ̀ lórí pátákó tó wà nísàlẹ̀. Eruku àti ọ̀rá ọwọ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé (àwọn akọ̀wé kan sì fẹ́ràn láti máa fi àkàrà ṣírò owó!). Ẹ rọra fi òwú àti sípíríìtì nu pátákó náà. Ẹ má ha àmì dúdú yẹn o. Bó bá ṣí, ó tán nìyẹn.

Ẹ gbé bátìrì pẹlẹbẹ bí ẹyọ owó jìnnà sí ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí 2; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Kí ẹ̀rọ tó padà sórí tábìlì ẹgbẹ́, ẹ tẹ 8 nígbà mẹ́jọ. Ìlà 7 ló para pọ̀ di 8. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ lè kà á sí 0, 6 tàbí 9. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ 12345678 kúrò nínú 98765432: 86419754 ni yóò kù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì fi 100 lọ́nà 100 dán 0 wò. Bó bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má fi ṣírò èlé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ìnáwó.