Àdùkẹ́, Wá Gbọ́ Tẹnu Mi

Àdùkẹ́, gbé fóònù yẹn kalẹ̀, wá jókòó tì mí. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tí ò ń kà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Orí rẹ pé, mo mọ̀. Bí òṣèré kan bá bọ́ òrùka ìgbéyàwó nínú fọ́tò, ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀bùn ni ojú tó mú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tó bá gbe àhesọ lẹ́yìn nìkan lò ń wá. Èyí tó lè já a nírọ́ ńkọ́? Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Ní 1969, ariwo ta ní Amẹ́ríkà pé Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn olórin Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kú láti 1966, pé ẹni tó jọ ọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí wà lára páálí àwo wọn, Abbey Road. Wá a jáde kí o wò ó. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọdá títì, Paul nìkan ni kò wọ bàtà. Wọ́n ní àmì òkú nìyẹn. Wo ọkọ̀ ìjàpá funfun tó wà lẹ́yìn wọn. Nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 281F, tí wọ́n kà sí 28IF; "ká ní" ni IF lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ìyẹn ni pé ká ní Paul wà láàyè ni, ì bá ti pé ọdún 28.

Ó yá, ṣírò ó. Oṣù Kẹfà ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà yẹn! Ti bàtà ńkọ́? Inú ooru oṣù Kẹjọ ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n yà lọ́jọ́ kan náà tí Paul wọ sálúbàtà rẹ̀ nínú wọn. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Life tó wá a dé oko rẹ̀ ní Scotland bá a láàyè, pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ.

Tiwa náà ńkọ́? Nígbà tí Ààrẹ Buhari lọ gba ìtọ́jú ní London ní 2017, wọ́n ní ó ti kú, pé ẹni tó jọ ọ́, Jibril ará Sudan, ló wà ní Aso Rock. Ìtàn ti Paul náà ni. Ó di dandan kí Buhari fẹnu ara rẹ̀ sọ ní Poland, ní oṣù Kejìlá 2018, pé òun gan-an ni. Ìyàwó, ọmọ, dókítà, ẹ̀ṣọ́: mélòó nínú wọn ni ì bá panu mọ́ títí tó fi gbé ìjọba sílẹ̀ ní 2023? Oṣù Keje 2025 ló tó jáde láyé.

Má rò pé eré lásán ni mo ń bá ẹ wí lé lórí. Nígbà tí Ebola wọ ìlú ní 2014, wọ́n ní omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan mu ún, wọ́n kú. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré kò lè pa ẹ́, nítorí náà, ibẹ̀ ni kí o ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, kó tó kan ti oògùn àti ti ìbò.

Mi ò ní kí o má gbọ́ àhesọ mọ́, ọmọ mi. Bí o bá gbọ́, béèrè pé: báwo lẹni tó sọ ọ́ ṣe mọ̀? Kí ni mo lè rí tí màá fi gbà pé irọ́ ni? Bí o kò bá tíì wá ìdáhùn méjèèjì, jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.