Iye Tí Owó Ọ̀la Tó Lónìí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sí ojú ìwé ọrọ̀ ajé lọ́tẹ̀ yìí kò le, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ọ́n ń ná wa lówó. Ẹ mú bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò níléèwé mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan ń ta ilẹ̀ nílé. Ó ní, "Ẹ san $8,370 nísinsìnyí, tàbí kí ẹ san $10,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta." Èwo ni kí a mú? Kí a má kàn wo $1,630 tí ó wà láàárín wọn. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: eélòó ni a ó fi pamọ́ lónìí tí yóò fi pé $10,000 ní ọdún mẹ́ta òní? Iye yẹn ni a ń pè ní iye òní.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń ka èlé lọ́dún?

Bí báǹkì bá ń san èlé 6%, tí wọ́n ń kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó ṣe 1.06 × 1.06 × 1.06, tí ó jẹ́ 1.191. Bí a bá fi èyí pín $10,000, iye òní jẹ́ $8,396.

Bí ó bá jẹ́ oṣooṣù ni wọ́n ń kà á, 6% yóò di 0.5% lóṣù, ọdún mẹ́ta yóò sì di oṣù 36. Èlé oṣù yìí yóò bí èlé tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyẹn ni èlé orí èlé. Bí a bá sọ 1.005 di púpọ̀ lọ́nà 36, ó jẹ́ 1.1967. Iye òní wá di $8,356.

Ẹ wò ó: lójú ìṣirò àkọ́kọ́, $8,370 kò tó $8,396, nítorí náà ó sàn kí a san lónìí. Lójú ìkejì, ó ju $8,356 lọ, ó sàn kí a fi owó wa sí báǹkì kí a sì dúró. 6% kan náà, ìdáhùn méjì.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan. Bí ẹ bá ń ka oṣù, èlé oṣù ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ń ka ọdún, èlé ọdún ni. Ẹni tó bá fi 6% ka oṣù 36 yóò rí $1,227, yóò sì rò pé onílẹ̀ fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Èlé ọdún gan-an

Lórí owó ìfipamọ́, ìyàtọ̀ yìí kéré. Orí gbèsè ni ó ti ń dunni. Ẹ wo $1,000 tí a yá ní 24%, tí a kò san nǹkan kan títí ọdún fi pé:

Kíkà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: $1,240.00
Ẹ̀ẹ̀mejì: $1,254.40
Ẹ̀ẹ̀mẹrin: $1,262.48
Oṣooṣù: $1,268.24
Ojoojúmọ́: $1,271.15

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. 24% tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́ ti di 27.11%. Èyí ni èlé ọdún gan-an, òun sì ni kí a máa fi wé ara wọn.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 ní kí ayánilówó kọ APR sínú ìwé. Ti ọdún 1991 ní kí báǹkì kọ APY fún owó ìfipamọ́. Èlé orí èlé wà nínú APY, kò sí nínú APR káàdì. Nítorí náà, gbèsè máa ń kéré lójú ju bó ṣe rí lọ.

Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, tó fẹ́ fi káàdì 24% san owó ilẹ̀ ńkọ́? Èlé káàdì ni kí ó fi ṣírò, kì í ṣe èlé báǹkì. Bí wọ́n bá ń kà á lóṣooṣù, iye òní $10,000 lọ́dún mẹ́ta kò ju $4,902 lọ. Kí ó má yá $8,370 o! Kí ó dúró, kí ó máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò kò sì lè sọ bóyá ilẹ̀ náà mọ́. Kí lọ́yà yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ kedere bóyá dọ́là ni tàbí náírà, nítorí èlé náírà yàtọ̀ sí ti dọ́là.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ fẹ́ yá $2,000, kí ẹ san gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹnì kan ní 2% lóṣù, èlé orí èlé. Ẹnì kejì ní 25% lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó lọ?

Ìdáhùn: Ẹni àkọ́kọ́ yóò gba $2,536.48, ẹnì kejì $2,500. Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá gbà á ti yege. Kí Ọlọ́run bù sí i fún gbogbo wa.