Ìwé Àṣẹ ni tàbí Ìwé Ìfitónilétí? Òfin Ìwọ́de àti Ìpàdé Ìta Gbangba

Àwòrán tí ó wà lókè ojú ewé yìí fi àwọn ọ̀dọ́ bí ogún hàn, tí wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n gbé páálí dání, ara ọ̀kan nínú rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé, "Ta ni yóò tún afárá wa ṣe?" Ọlọ́pàá méjì dúró ní ìkòríta. Ẹ wò wọ́n dáadáa: ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni wọ́n kọjú sí, wọn kò kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ náà. Wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró kí àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lè ráàyè kọjá. Nígbàkígbà tí mo bá fi àwòrán yìí han àwọn ènìyàn, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde: "Ṣé wọ́n gba ìwé àṣẹ ni?"

Ìbéèrè yẹn ti mú ìpalára wá rí, lójú èmi fúnra mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù kan pinnu pé kí gbogbo ẹni tí ń díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ wá sí ibi kan náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí aráàlú lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nípa omi àti ọ̀nà ọjà. Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan láti sọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ìpàdé láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, wọ́n tún ní ọ̀la. Báyìí ni ọjọ́ ìdìbò fi dé bá wọn. Káńsẹ́lọ̀ tí ó wọlé kò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo kí ó tó jókòó sórí àga. Ọ̀rọ̀ náà dé etí mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ohun tí àwọn ọmọ náà ń tọrọ kiri kì í ṣe ohun tí wọ́n ní láti tọrọ.

Kí ó tó lè yé wa, a ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí ti wá. Ogún ìjọba amúnisìn ni. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Abẹ́òkúta yóò rántí pé nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde lòdì sí owó orí ní ọdún 1947, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jókòó tì ní iwájú ààfin Aláké, àwọn aláṣẹ máa ń fi ìwé àṣẹ ìwọ́de dù wọ́n. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí ó jẹ́ olórí wọn, kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà ni: ó ní àwọn kò ṣe ìwọ́de, pé ìgbafẹ́ tàbí àjọ̀dún lásán ni àwọn ń lọ ṣe. Ta ni yóò sọ pé kí obìnrin má ṣe àjọ̀dún? Ọba Ladapọ Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ọgbọ́n wọn dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ onílùú máa fi orúkọ àjọ̀dún bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìjọba amúnisìn lọ, ìwé àṣẹ kò bá wọn lọ. Ní ọdún 1979 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí àwọn amòfin ń pè ní Public Order Act. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de ní ojú títì tàbí ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Gómìnà sì lè gbé agbára náà fún Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá. Ènìyàn márùn-ún péré ni òfin náà kà sí àpéjọ. Ó yọ ìsìn tí a máa ń ṣe déédéé nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀, ó sì yọ àríyá àti eré ìdárayá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ń gba ìwé àṣẹ nítorí ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ináwó Yorùbá ń dí ọ̀nà ju ọ̀pọ̀ ìwọ́de lọ.

Ní ọdún 2003, lẹ́yìn ìdìbò gbogbogbòò, ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pé àwọn fẹ́ ṣe àpéjọ káàkiri orílẹ̀-èdè láti fi ẹ̀hónú hàn lórí èsì ìdìbò náà. Wọn kò fún wọn ní àṣẹ. Wọ́n ṣe àpéjọ ní Kánò ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá sì tú u ká. Ẹgbẹ́ náà àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ dá wọn láre ní oṣù Kẹfà ọdún 2005. Àwọn ọlọ́pàá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́. Adájọ́ Adékẹ́yẹ ni ó ka olórí ìdájọ́ náà.

Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni èmi yóò fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Abala 39 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Abala 40 fún un ní ẹ̀tọ́ láti péjọ pẹ̀lú ẹlòmíràn láìsí ìdíwọ́, kí ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá wù ú. Lóòótọ́, abala 45 gbà kí ìjọba ṣe òfin tí yóò pààlà sí ẹ̀tọ́ wọ̀nyí nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú, ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìjọba àwa-ara-wa mu. Ilé ẹjọ́ ní òfin tí ó sọ pé kí ènìyàn tọrọ àṣẹ kí ó tó lo ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kò bá a mu. Ohun tí a ní kì í ṣe ohun tí a ń tọrọ. Àwọn adájọ́ náà tọ́ka sí Gánà, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1993. Gánà ṣe òfin tuntun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e: kì í ṣe àṣẹ ni òfin náà ń béèrè bí kò ṣe ìfitónilétí, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ní tiwa, wọn kò tíì fa òfin ọdún 1979 yọ kúrò nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ kan fi ṣì ń tẹ̀ lé e, tí ìwé àṣẹ kò fi tán lẹ́nu wọn.

Ní ti òṣèlú, Òfin Ètò Ìdìbò tún là á mọ́lẹ̀ sí i. Ó ní kí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pèsè ààbò tí ó tó fún àpéjọ àti ìwọ́de òṣèlú, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ohun yòówù tí Public Order Act ìbáà wí, iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ kò kọjá pípèsè ààbò. Àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́, bí irú àwọn ọ̀dọ́ tí mo sọ̀rọ̀ wọn? Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 83, dá wọn lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni tàbí ẹgbẹ́ kan bá fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de ní ojú ọ̀nà tàbí ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò náà gbọ́dọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ láti dáàbò bò wọ́n. "Gbọ́dọ̀" ni òfin wí.

Nítorí náà, ìwé tí ẹ óò kọ kò ní ju báyìí lọ:

"Sí DPO, Àgọ́ Ọlọ́pàá … A fi ìwé yìí tó yín létí pé àwa ọ̀dọ́ Wọ́ọ̀dù … yóò ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn olùdíje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú ní ọjọ́ …, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A ń retí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. A kò ní dí ọ̀nà. A bẹ̀ yín kí ẹ pèsè ààbò fún wa gẹ́gẹ́ bí Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti là á sílẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn méjì tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé yìí."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí "a ń tọrọ àṣẹ" nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tí ó gba ìwé náà fọwọ́ sí èkejì, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí yín. Bí ó bá jẹ́ ìwọ́de, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ óò gbà. Ẹ má ṣe dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé kí ẹ tó lọ. Ọlọ́pàá tí a kò sọ fún kò lè wá ṣọ́ wa, bí a bá sì fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ní àwáwí. Kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mímọ òfin kò ní kí ọmọdé má kí àgbà.

Àwọn kan máa ń da ìwé àṣẹ ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ àṣẹ ẹni tí ó ni ibi ìpàdé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tàbí ọjà gbọ́dọ̀ bá àwọn alábòójútó ibẹ̀ sọ̀rọ̀, bóyá kí ó sì san owó ìlò. Ilé ẹjọ́ náà lè yan ibi tí a óò lò: ní òpin oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí ìwọ́de tí ó ń bọ̀ nígbà náà mọ sí ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta àti Peace Park ní Kétu. Àṣẹ ilé ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fojú dì; ilé ẹjọ́ náà ni a ti ń bá a jiyàn.

Òfin tí ó fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí tún fi ààlà sí i. Ẹni tí ó bá mú ohun ìjà wá sí àpéjọ òṣèlú ti ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ igi tàbí ọ̀kọ̀. A kò gbọ́dọ̀ polongo ìbò nínú ilé ìjọsìn, ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kò gbọ́dọ̀ gbé eégún jáde fún ìpolongo. Òfin Ètò Ìdìbò dárúkọ eégún ní tààrà, ẹni tí ó bá sì ti rí ibi tí aráàlú ti ń sá fún pàṣán yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìpolongo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ní ọjọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ wá ìbò fún ẹnikẹ́ni láàárín mítà 300 sí ibùdó ìdìbò. Ní ti ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹ wo ọjọ́ ìpolongo nínú ìlànà tí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ bá gbé jáde.

Fún ìjíròrò

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan fẹ́ kí ìmáàmù àti pásítọ̀ polongo olùdíje wọn lẹ́yìn ìsìn. Kí ni òfin wí?

Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́fà fẹ́ gbé páálí lọ sí iwájú sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí kòtò ìdaọ̀mí tí kò ṣàn. Ta ni ẹ óò kọ̀wé sí, kí ni ẹ óò sì kọ?

DPO gba ìwé yín, ó fọwọ́ sí ẹ̀dà yín, lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ wá. Abala wo nínú òfin wo ni ẹ óò fi hàn án?