Ta Ló Ní Kó O Máa Fi Ìṣirò Gba Tíì?

Ìdáhùn sí lẹ́tà ọmọ Ìkìrè tó ń sùn ní Sharjah, tó ń ṣiṣẹ́ sìkiọ́rítì ní Dubai

Ọmọ mi,

Ojú ìwé mẹ́rin lo kọ, mo sì kà á tán. Mo ka ti bọ́ọ̀sì tó ń kó yín ní Sajaa kí ilẹ̀ tó mọ́, ti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tó ń pàdé yín kí ẹ tó wọ Dubai, ti ìdúró wákàtí méjìlá lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Al Qusais tí àwọn tó ń gbébẹ̀ kì í kí ọ. O ní iṣẹ́ náà ti sú ọ, o fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́. O wá ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú méjì: ṣé kí o lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń sáré kọ́ báyìí, àbí kí o lọ gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ àjàgbé.

N kò ní yan ìkankan. Ojú ìwé kẹta ni ara mi ti gbóná, níbi tí o ti sọ ọ̀rọ̀ kan kọjá bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan: “Bí iṣẹ́ alẹ́ bá kàn mí, ọkùnrin Kerala tó ń ta páàtì mọ́tò nísàlẹ̀ ilé tí mò ń ṣọ́ máa ń kó rìsíìtì rẹ̀ wá fún mi, mo máa ń bá a ṣe ìwé VAT rẹ̀. Ó máa ń ra karak fún mi.”

Karak! Tíì oníwàrà tí wọ́n ń bù sínú ife bébà, tí kò ju dirham kan sí méjì lọ. O lo ọdún mélòó ní poli lórí Accountancy, ìyá rẹ ta ilẹ̀ lé e lórí (ìwọ lo kọ ọ́, èmi kọ́), o wá ń ti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago méjì òru lórí ìwé owó orí ẹlòmíì nítorí tíì. Lẹ́yìn náà o jókòó, o mú gègé, o bi mí bóyá o ṣì lè níṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o mọ̀ jù mí lọ fún ọ, nítorí ó jọ pé o ti gbàgbé. Títí di ìparí ọdún 2017, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dubai tàbí Sharjah lè kọ ohun tó tà sẹ́yìn páálí sìgá kó sì sùn dáadáa. Ní 1 January 2018 ni VAT wọlé, 5 nínú 100. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ti ju 375,000 dirham lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Federal Tax Authority. Bí sáà ìṣirò bá ti parí, ọjọ́ 28 péré ló ní láti kó ìwé rẹ̀ wọlé. Wọn ò tíì mí délẹ̀ tí owó orí ilé-iṣẹ́ náà fi dé, láti June 2023: 9 nínú 100 lórí èrè tó bá kọjá 375,000 dirham. Ilé-iṣẹ́ tí èrè tirẹ̀ ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé ọjà rẹ̀ fún ọdún méje. Ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀, 10,000 dirham ni.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dirham, ife karak mélòó nìyẹn? Ìwọ ni oníṣirò, bá mi ṣe é.

Àwọn tó ń ta páàtì, àwọn tó ń rán aṣọ, àwọn oníkáágò ní Deira, àwọn onílé oúnjẹ ní Rolla, gbogbo wọn ló dédé di ẹni tó ń wá ẹni tó mọ ìwé owó. Ìlú tí o wà ń pariwo pé òun fẹ́ iṣẹ́ tí o kọ́. Ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wókì-tókì lọ́wọ́, o ń bi mí léèrè ọkọ̀ àjàgbé.

Mo mọ ẹni tó fi ọ́ síbẹ̀ ṣá. Éjẹ́ńtì tó mú ọ lọ ni. O ní òun ló sọ fún ọ pé kí o fi sáàtífíkéètì rẹ sílẹ̀ nílé, pé fíìsà sìkiọ́rítì kò bèèrè rẹ̀, pé bí o bá débẹ̀ tán ohun gbogbo á tò. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọ̀hún fi wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ ní Ìkìrè títí di òní. Éjẹ́ńtì yẹn ò fẹ́ wàhálà, òótọ́ ni: bí o bá mú ìwé rẹ dání, o lè bèèrè irú iṣẹ́ tó fẹ́ fún ọ. Ó tún gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ lórí rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ UAE, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021 tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní February 2022, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó gba òṣìṣẹ́ ló ń san owó ìgbanisíṣẹ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí lẹ́yìn. Ẹni tó bá tún ní kí o mówó wá kí òun tó wá iṣẹ́ mìíràn fún ọ ní Dubai, má bá a jà. Sá fún un ni.

Ohun kan tún wà tí o kò ronú kàn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ ní sìkiọ́rítì ni ọ́, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Iṣẹ́ tí o ń ṣe fún ẹlòmíì lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bí alábòójútó bá yọ sí ọ lórí rẹ̀, ó parí. Oníṣọ́ọ̀bù náà ò sì mọ ohun tó ń fi ṣeré. Láti August 2024, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó gba òṣìṣẹ́ tí kò níwèé àṣẹ, ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 dirham, ó sì lè dé mílíọ̀nù kan. Lọ sọ ọ́ fún un. Bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí ó jọ èèyàn dáadáa, kò kàn fẹ́ náwó ni. Sọ fún un pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ àbọ̀-àkókò wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òṣìṣẹ́, MOHRE, èyí tó lè gbà fún ọ kí o lè máa ṣe ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó sì máa san owó. Ka àdéhùn tí o bọwọ́ lù pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ sìkiọ́rítì kí o tó dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù náà, kí o mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ní òun ò lè sanwó, kó máa mu karak rẹ̀.

Ní ti kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tí o ní o fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀, má dán an wò. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó kọ̀wé sí mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, kúùkù ilé oúnjẹ kan ní Deira. Inú bí i lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí WhatsApp pé òun ò wá mọ́, ó bú ọ̀gá, ó bú ìyá ọ̀gá mọ́ ọn. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ ṣáájú, ọjọ́ 30 ó kéré jù, 90 ó pọ̀ jù, bí àdéhùn bá ṣe wí. Ẹni tó bá já sílẹ̀ láìsọ, òun ni yóò san owó àwọn ọjọ́ yẹn. Kúùkù wa ò mọ èyí. Ilé oúnjẹ tuntun tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò sì fún un ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kí n tó rí lẹ́tà rẹ̀ kejì gbà, ó ti wà ní Abẹ́òkúta. Ó ń dáná fún àwọn onínáwó níbẹ̀ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n sè, ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ́ gbé kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ìwé iṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí wọ́n gbé gba ọ̀dọ̀ MOHRE, kí ìwé ìdágbére tó jáde. Ìbánigbófò àìríṣẹ́ tí o ń san dirham márùn-ún lé lórí lóṣooṣù kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n lé láìṣẹ̀ ni wọ́n ń san án fún, wọn kì í san án fún ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ìdágbére ni tìrẹ: ọjọ́ 21 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta lo ti lò, ọjọ́ 63 nìyẹn, lórí owó oṣù ìpìlẹ̀ nìkan. Owó àṣerékọjá àti àjẹmọ́nú ò sí nínú rẹ̀, kí o má baà ti ná an tán lọ́kàn.

Màá sọ èyí tó korò náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ́fíìsì kékeré kan ní Sharjah fẹ́ gbà ọ́ ní akọ̀wé owó, kí owó tí wọ́n máa san má fi bẹ́ẹ̀ ju ti sìkiọ́rítì lọ. Ilé-iṣẹ́ rẹ ti báyìí ń fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọ ní bọ́ọ̀sì. Tí o bá lọ, ìwọ ni yóò máa san owó bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan, ní Rolla, ìwọ ni yóò máa san owó bọ́ọ̀sì. Ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kọ́ Tally pẹ̀lú, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń lò, kí o sì ka òfin VAT wọn bí o ṣe kàwé ìdánwò káàdì SIRA tí sìkiọ́rítì ń gbà ní Dubai. Ẹni tó yege nínú ìyẹn lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá kò lè sọ fún mi pé orí òun ò gbé ìwé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Deira ní kí o jókòó jẹ́ẹ́, pé ẹni tó ń jẹun kì í wo abọ́ ẹlòmíì. Bá mi kí i. Kí ó gbọ́ nípa Akíntọ́lá Williams, ọmọ Èkó, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó di chartered accountant, lọ́dún 1949. Ó darí wálé láti ìlú òyìnbó, ó bọ́ sí ọ́fíìsì owó orí ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó, ta ló ń fi irú ẹ̀ sílẹ̀? Ní 1952, ó fi í sílẹ̀, ó dá ọ́fíìsì ìṣirò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá ní àwọn oníṣirò òyìnbó tiwọn. Àwọn tiwa-n-tiwa ló kó ìwé wá fún un, àwọn bíi West African Pilot ti Azikiwe àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ojukwu. Ọdún 104 ló lò láyé, 2023 ló kú. Iṣẹ́ ìwé owó kan náà ló ṣe ní ọ́fíìsì méjèèjì. Ibi tó ti ń ṣe é nìkan ló pààrọ̀. N kò ní kí o dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la o. Mò ń sọ pé kò sí iṣẹ́ kankan tí o fẹ́ pààrọ̀. Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀, ìwọ lo rìn kúrò nídìí rẹ̀.

Mo ti fẹ́ parí lẹ́tà yìí síbi tí mo ti ń bínú, kí n tó yí ìwé rẹ padà wo ẹ̀yìn. O ò mẹ́nu bà á, ó ṣeé ṣe kí o má mọ̀ pé o fi ránṣẹ́. Gbèsè rẹ lo tò síbẹ̀: ti éjẹ́ńtì, ti àjọ, ti owó ilé ìwé àbúrò rẹ, ohun tí o ti san lápá kan, ohun tó kù lápá kejì, ìlà méjì nísàlẹ̀ àròpọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò mi ro ó, kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì òkè nínú yàrá èèyàn mẹ́jọ, tó rẹ̀ ẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń retí owó, tó ṣì fa ìlà méjì sábẹ́ àròpọ̀. Àánú rẹ ṣe mí, ọmọ mi. Mo tún padà lọ ka ojú ìwé kẹta, mo rí ohun tí ìbínú ò jẹ́ kí n rí níṣàájú: o kọ ọ́ síbẹ̀ pé alẹ́ tí rìsíìtì wà lórí tábìlì kì í pẹ́ mọ́ ọ lójú.

Ó dára. Pe ìyá rẹ lálẹ́ òní. Kó yọ sáàtífíkéètì náà nínú àpótí, kó fi lé àbúrò rẹ lọ́wọ́, éjẹ́ńtì kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé ìwé rẹ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn náà ló kan Abuja: ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ọ́fíìsì aṣojú UAE. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tiwọn náà fún òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó máa gba oṣù díẹ̀, ó sì máa gba owó, fi sínú ìlà gbèsè rẹ. Máa bá iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà lọ títí yóò fi dé, kí o sì kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.