Kí Ẹ Tó Gbé Ọmọ Lọ Sí Ilé Àtúnṣe Tí Rédíò Ń Yìn

Ètò rédíò lórí ilé àtúnṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Màlámù tàbí pásítọ̀ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bàbá kan á dúpẹ́, ọmọ fúnra rẹ̀ á ní òun ti jáwọ́ nínú tramadol, atọ́kùn á wá ka nọ́ńbà fóònù. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti kó ẹrù ilé tà tán nítorí oògùn, ní Gwange tàbí ní Bolori ní Maiduguri, á ti kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán. Ẹ kọ ọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pè é.

Ilé-iṣẹ́ rédíò náà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ta ló sanwó ètò yẹn? Àjọ NBC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí ìpolówó hàn sí olùgbọ́ pé ìpolówó ni, àmọ́ gbólóhùn kan péré ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ kọjá kí ẹ tó ṣí rédíò. Ẹ tún bèèrè bóyá atọ́kùn dé ibẹ̀ rí, bóyá ó wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, àbí ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan ló ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí wọ́n bá ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, ìpolówó lẹ gbọ́.

Ọmọ tó dúpẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹni tó lè nà án lálẹ́ ló jókòó tì í. Ẹlẹ́rìí tí ẹ nílò ni ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ pẹ́, tó wà nílé ara rẹ̀, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn Amẹ́ríkà náà ti rí irú rẹ̀. Lójú ayé ni ètò tẹlifíṣọ̀n Dr. Phil ti máa ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Turn-About Ranch, ibùdó àtúnṣe kan ní Utah, nígbà kan. Danielle Bregoli, ọ̀kan nínú wọn, ló jáde ní 2021 láti sọ ìyà tí ojú òun rí níbẹ̀.

Nílé wa níbí, ní 2018, BBC Africa Eye gbé fíìmù kan jáde lórí kodiini. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkodiini wọ̀lú. Iṣẹ́ ńlá ni fíìmù yẹn ṣe. Inú fíìmù kan náà la ti rí àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé àtúnṣe kan ní Dorayi, ní Kano. Ṣùgbọ́n kodiini nìkan ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kaduna, tí wọ́n kó ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ẹ̀wọ̀n, kí ariwo gidan mari, ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de èèyàn, tó gba ìlú. Ní oṣù Kọkànlá, ó kan Òjòó n'Ìbàdàn: èèyàn 259. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀sìn kan ló ni ín. Human Rights Watch wọ ibi 28 láàárín 2018 sí 2019, wọ́n bá ẹ̀wọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ti ìjọba pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 10 ló kéré jù nínú àwọn tí wọ́n bá.

Ohun kan nínú ti Kaduna ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn òbí ń lọ wo ọmọ wọn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni, ìta ni wọ́n sì ti ń mú ọmọ wá bá wọn. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ibìkan, ẹ má fi tó wọn létí. Ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí Hausa yín kò bá kọjá ti nájà ní Monday Market, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Hausa àti Kanuri dání. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ibùsùn, ilé ìgbẹ́ àti ibi ìdáná. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ: ojú àpá ẹ̀wọ̀n kì í tètè parẹ́. Ẹ bèèrè orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń fún wọn lóògùn, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dá bá ọmọ méjì sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní ọmọ kò gbọdọ̀ fi fóònù pe ilé, ẹ máa bọ̀ nílé. Owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ má san án.

Bí ẹ bá ń wá ìtọ́jú, Federal Neuropsychiatric Hospital, ọsibítù ọpọlọ, wà ní Maiduguri. UMTH, ọsibítù yunifásítì, náà wà. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ òbí pé kí wọ́n rí wọn ní ẹnubodè ọsibítù ọpọlọ, ìyẹn ló sì ń lé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣèlérí àṣírí. Àṣírí yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n lè na ọmọ láìsí ẹni tó máa gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ àdúrà, kí màlámù tàbí pásítọ̀ wá gbà á nílé yín, kí ọmọ máa lọ gba ìtọ́jú.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí ará àdúgbò méjì lọ, kí ẹ mú un bọ̀. Ìwé yòówù kí ẹ ti fọwọ́ sí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò gba kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ lóró, Borno náà sì ti ní òfin ààbò ọmọdé tirẹ̀ láti 2022. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC.

Bó bá sì jẹ́ pé oògùn ni ìṣòro náà, ẹ pe NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru: 080010203040.