Iṣẹ́ Díẹ̀ Lọ́wọ́: Bí Àwọn Ikọ̀ Ṣe Ń Lo Scrum Pọ̀ Mọ́ Kanban

Lọ́dún 2004, ikọ̀ kékeré kan wà ní ìlú Hyderabad, lórílẹ̀-èdè Índíà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣàtúnṣe àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft fúnra wọn ń lò. Àwọn mẹ́ta ń kọ ètò, àwọn mẹ́ta ń dán an wò. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá bẹ̀ wọ́n ní àtúnṣe, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù márùn-ún kí onítọ̀hún tó rí i gbà. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ní Amẹ́ríkà ń ráhùn, orúkọ ẹ̀ka náà sì ti bàjẹ́.

Dragos Dumitriu ni wọ́n ní kó lọ máa bójú tó o. Ó ké sí David Anderson, tí òun náà wà ní Microsoft nígbà yẹn, pé kó wá bá òun wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ jọni lójú. Ìgbàkígbà tí iṣẹ́ tuntun bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tì, kí wọ́n jókòó ṣírò ọjọ́ tí tuntun yẹn máa gbà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò wọn ni ìṣirò yìí ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣírò náà ni ẹnikẹ́ni kò ní ṣe láéláé.

Wọn ò kọ́kọ́ gba èèyàn kún un, wọn ò sì ní kẹ́nikẹ́ni máa sùn sí ọ́fíìsì. Wọ́n fòpin sí ìṣirò. Wọ́n fi gbèdéke sí iye iṣẹ́ tó lè wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń béèrè àtúnṣe pé ìgbà tí àyè bá ṣí ni kí wọ́n yan èyí tó ká wọn lára jù. Kó tó di òpin ọdún 2005, iṣẹ́ tó ń gba oṣù márùn-ún ti ń jáde láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ní Japan. Taiichi Ohno, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Toyota, ti kíyè sí ọ̀nà tí àwọn supamákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà tajà: èyí tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ nìkan ni wọ́n ń fi òmíràn dípò. Láàárín àwọn ọdún 1950, ó mú àṣà náà wọ fákítọ̀rì. Bí àwọn tó ń to ọkọ̀ bá ti lo ohun tó wà nínú àpótí kan, káàdì àpótí náà á padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, òun ló sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sí i. Bí káàdì ò bá dé, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Káàdì yìí ni wọ́n ń pè ní Kanban. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó ti di pátákó tí wọ́n fa ìlà sí, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí bébà kékeré tó ń rìn láti àyè “A fẹ́ ṣe é” bọ́ sí “À ń ṣe é,” títí dé “Ó ti parí.” Nọ́ńbà kan wà lókè àyè kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 3, bébà kẹrin ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Scrum gba ọ̀nà mìíràn wá. Lọ́dún 1986, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka kọ àpilẹ̀kọ kan nínú Harvard Business Review nípa bí àwọn iléeṣẹ́ bíi Honda àti Canon ṣe ń ṣe ọjà tuntun. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù rugby, tí gbogbo wọn jọ ń gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú. Jeff Sutherland mú èrò yẹn lò ní iléeṣẹ́ Easel ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, òun àti Ken Schwaber sì gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1995. Kálẹ́ńdà ni Scrum gbára lé. Ikọ̀ tí kì í sábà ju èèyàn mẹ́wàá lọ á yan iṣẹ́ fún sáà kan tí wọ́n ń pè ní sprint, tí kò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ; ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń fi í sí ọ̀sẹ̀ méjì. Lójoojúmọ́ wọ́n á pàdé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí sáà bá parí, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ṣe han àwọn tó ni ín, wọ́n á sì jókòó yẹ ara wọn wò: kí ló dáa, kí ló yẹ ká yí padà?

Ìpàdé ìyẹra-ẹni-wò yẹn ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀. Àṣìṣe gbáà ni.

Ibo wá ni wàhálà wà? Ikọ̀ Scrum yan iṣẹ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ibi tí àwọn oníbàárà ti ń sanwó dédé kọṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí wọ́n dúró di sprint tó ń bọ̀. Wọ́n á sáré tún un ṣe, ètò tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ajé á sì dàrú. Ikọ̀ tó ń kọ́ tuntun tó tún ń tún ògbólógbòó ṣe kò lè bọ́ nínú èyí. Kanban gba irú iṣẹ́ òjijì bẹ́ẹ̀ mọ́ra dáadáa, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ báyìí ni kẹ́ ẹ pàdé. Ikọ̀ tí kò kó ara rẹ̀ níjàánu lè máa ti bébà lórí pátákó fún ọdún kan láì jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Corey Ladas, tó bá Anderson ṣiṣẹ́ ní Corbis, iléeṣẹ́ àwòrán tí Bill Gates dá sílẹ̀, ló kọ̀wé lọ́dún 2008 nípa bí wọ́n ṣe lè da méjèèjì pọ̀. Scrumban ló pè é. Ìmọ̀ràn rẹ̀ rọrùn: kí ikọ̀ tó ń ṣe Scrum má ṣe da ohun tó mọ̀ nù. Kó fi gbèdéke sí pátákó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì dẹ́kun ṣíṣètò iṣẹ́ nítorí pé kálẹ́ńdà ní kó ṣe é. Bí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá ti ń tán lọ, tó ku méjì péré, ìgbà yẹn gan-an ni kí wọ́n pàdé láti yan òmíràn.

Gbèdéke yìí ló máa ń ṣòro fún àwọn ọ̀gá láti gbà, torí lójú wọn, iṣẹ́ tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ jọ ìmẹ́lẹ́. Ẹ wo télọ̀ tó gba aṣọ ogún èèyàn nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti gé gbogbo rẹ̀. Ó ti rán apá mọ́ èyí, ó ti ṣe ọrùn tọ̀hún, ṣùgbọ́n títí di àìsùn ọdún, kò sí ẹyọ kan tí oníbàárà lè wọ̀ lọ sí Yídì. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, John Little, fi ìṣirò ti irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn lọ́dún 1961. Bí ikọ̀ kan bá ń parí iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí méjìlá sì wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí a bá ṣe é ní ìdọ́gba. Bí wọ́n bá dín tọwọ́ wọn kù sí mẹ́fà, tí wọ́n ṣì ń parí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Kò sẹ́ni tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ Scrum.org gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan jáde fún àwọn ikọ̀ Scrum tó fẹ́ lo Kanban. Nínú àwọn ohun tó ní kí wọ́n máa wọ̀n, ọjọ́ orí iṣẹ́, ìyẹn iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ló wúlò jù lójú òǹkọ̀wé yìí. Bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bá ń parí láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí bébà kan sì ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láì tíì parí, òun ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àárọ̀. Ìyẹn sàn ju kí oníkálukú máa ka ohun tó ṣe lánàá bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí.

Orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti lo àpapọ̀ yìí lọ́nà tó gbòòrò. Nígbà kan, àjọ ọlọ́pàá ibẹ̀ ń ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní PUST, kí ọlọ́pàá tó bá mú ẹni tó mutí wakọ̀ lè kọ ẹjọ́ náà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú ọkọ̀, láì padà sí àgọ́. Ó lé ní ọgọ́ta èèyàn tó ń ṣe é. Henrik Kniberg, olùdámọ̀ràn tó wà pẹ̀lú wọn, kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé kan lọ́dún 2011. Láàárọ̀, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ ṣe ìpàdé tirẹ̀ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, àwọn aṣojú wọn á péjọ síwájú pátákó ńlá kan tó gba ara ògiri. Àyè kan wà lórí rẹ̀ tí kì í gbà ju iṣẹ́ mẹ́wàá tó kàn lọ. Bí nǹkan bá dí iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á lẹ bébà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ ọn, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù níwájú àwọn tó ń dán ètò wò, àwọn tó ń kọ ọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ tuntun; ṣe ni wọ́n máa lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n tiẹ̀ fi gbèdéke sí àkọsílẹ̀ àléébù, ó di ọgbọ̀n péré. Àléébù tuntun tí kò bá le tó èyí tó kéré jù nínú ọgbọ̀n yẹn, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Ìpinnu yìí lè dà bí àìbìkítà, àmọ́ òótọ́ ló wà nídìí rẹ̀: àkọsílẹ̀ àléébù ẹgbẹ̀rún kan tí ẹnikẹ́ni kò ní tún ṣe ń tan oníbàárà jẹ ni.

Ètò náà jáde, àwọn ọlọ́pàá sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìpinnu kan wà tí kì í dé orí pátákó ikọ̀. Àwọn ọ̀gá àjọ náà ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ lórí Siebel, sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń rà ní ọjà, torí wọ́n gbà pé ìyẹn á dín ìnáwó kù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbé e fún ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2013. Igbe ta láti àgọ́ dé àgọ́ pé iṣẹ́ tó rọrùn tẹ́lẹ̀ ti di òkè ìṣòro, nígbà tó sì di ọdún 2014, àjọ náà pa á tì.